Káàdì Tí Ìyá Mi Ń Sá Sóòrùn

Òórùn kánfọ̀ ni mo fi ń rántí yàrá ìyá mi ní Ìlobù. Kí o tó fa kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sápá kan, òórùn náà á ti pàdé rẹ, òun àti ti ọṣẹ àti ti bísíkíìtì tó ń wọlé láti inú ṣọ́ọ̀bù iwájú, nítorí ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ibi tó ń sùn àti ibi tó ti ń tajà. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni àpótí onírin kan wà, aláwọ̀ ewé, tí ọ̀dà ti bó kúrò ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohunkóhun tó bá ti wọnú àpótí yẹn, o ti mọ̀ pé ìyá mi kò fi í ṣeré. O bi mí níjọ́sí pé ṣé ó dára kí èèyàn ra àwọn káàdì agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń polówó lórí fóònù báyìí, kó tọ́jú wọn de ọjọ́ iwájú ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rín ni mo fi dá ọ lóhùn lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín tí kò dé inú. Inú àpótí yẹn ni èsì mi wà, jẹ́ kí n ṣí i fún ọ.

Kùmásí ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àlejò máa lọ ní 1969, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún wọn. Àwọn òbí mi ti kọ́lé síbẹ̀, ilé oníyàrá mẹ́fà, ìyá mi sì ní ìsọ̀ aṣọ nínú ọjà. Kò sí èyí tó ṣe é dì lẹ́rù nínú méjèèjì. Ohun mẹ́ta ló bá ìyá mi dé Ìlobù: èmi tó pọ̀n sẹ́yìn, aṣọ Gánà kan tó jẹ́ aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀, àti góòlù tó rán mọ́ inú tòbí, ìyẹn ẹ̀gbà ọwọ́ mẹ́fà, ṣéènì ọrùn kan, àti yẹtí. Bàbá mi kò lò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn tí a dé tó fi kú. Ìyá mi kò gbà pé àìsàn ló pa á. Ilé tó fi sílẹ̀ ló pa á, bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, nítorí ojoojúmọ́ ló ń ka yàrá rẹ̀ lórí ibùsùn. Láti ìgbà náà ni òfin kan ti wà nínú ilé wa, tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tí èèyàn kò bá lè gbé sá, kì í ṣe tirẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ ọjà láti orí àwo, ó ta ṣúgà, ó ta mílíìkì, títí ó fi ní ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ kò kọ́lé. Nígbà tí àbúrò bàbá mi fi ilẹ̀ kan lọ̀ ọ́ ní ẹ̀bá ọ̀nà Ìfọ́n, ó rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe rí láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n. Ilé so mọ́ ilé débi pé àlejò kò lè mọ ibi tí Ìlobù parí sí, àwọn onílé tó ní àwọn mọ̀ ọ́n kò sì fẹnu kò rí. “Ilẹ̀ tí ìlú méjì ń pè ní tàwọn?” ni ìyá mi wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á padà. Ilẹ̀ kì í bá èèyàn sá.” Góòlù yẹn nìkan ló gbójú lé. Ó sọ fún mi lọ́pọ̀ ìgbà pé ọjọ́ alẹ́ òun ló wà níbẹ̀, pé lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ òun bá kọ̀ tí òun kò lè jókòó ti ọjà mọ́, òun á máa tà á jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan títí Ọlọ́run á fi pe òun.

Ó mọ nǹkan tọ́jú, ìyá mi. Bí ọyẹ́ bá ti dé, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni yóò tẹ́ ẹní sí àgbàlá láàárọ̀, tí yóò kó aṣọ Gánà náà jáde, tí yóò sá a sóòrùn, tí yóò máa yí i padà títí ìrun Àsárì. Bó bá ká a tán, á pààrọ̀ kánfọ̀ inú àpótí. Aṣọ náà ti lé lógún ọdún nígbà tí mò ń wí yìí, pupa rẹ̀ ṣì ń tàn yanran, ihò kan kò sí lára rẹ̀. Àwọn obìnrin àdúgbò tí kòkòrò ti jẹ aṣọ wọn máa ń wá bi í pé kí ló ń lò. Á ní oòrùn ni, pé kò sóhun tí oòrùn kì í wò sàn.

Ní 1994, tíṣà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìfọ́n. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ láràárọ̀, bàtà mi sì ti mọ ọ̀nà ju èmi fúnra mi lọ. Ọdún náà ni àwọn ọmọ wa kọ́kọ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje ife àgbáyé, ní Amẹ́ríkà, inú gbogbo èèyàn sì ń dùn ṣìnkìn. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tá a jọ ń kọ́ni, ọmọ Ìfọ́n, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀gbọ́n yìí ló kó káàdì wálé láti òkè òkun. Àwòrán agbábọ́ọ̀lù ni, tiwa àti ti ilẹ̀ ibòmíràn, ìwé wọn le, ó ń dán, náílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi dì wọ́n ní ìdì kéékèèké, wọ́n sì kún inú páálí. Ó mú ìwé ìròyìn òyìnbó kan mọ́ ọn. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé káàdì ẹyọ kan, irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré láyé àtijọ́, ni olówó kan rà ní iye tó lè kọ́lé. Mo ka ìpínrọ̀ náà títí mo fi há a sórí. Ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé e, níbi tí wọ́n ti sọ ìdí tó fi wọ́n bẹ́ẹ̀, mo fò ó. Èmi tí mò ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí pé kò ka ìwé rẹ̀ parí.

Oṣù kẹrin rèé tí ìjọba kò sanwó wa. Ìlú náà ti sú mi, mo ti ń rí ara mi nínú ọkọ̀ òfuurufú. Kí n má purọ́ fún ọ, kì í ṣe ìyá mi nìkan ni mò ń rò nígbà tí mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Mo jókòó lórí àpò ṣúgà, mo fi káàdì kan hàn án. Ó gbà á, ó fi ìka nù ún, bó ṣe máa ń ṣe sí ohun gbogbo.

“Kí ni wọ́n ń fi í ṣe?”

“Wọn kì í fi í ṣe nǹkan kan, Màmá. Wọ́n kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni.”

“Ta ló wá fẹ́ rà á?”

“Àwọn tí kò tọ́jú tiwọn.”

Mo sọ fún un pé góòlù kì í bímọ, pé bí ó ṣe wà láti Kùmásí náà ló wà yẹn, ṣùgbọ́n pé káàdì yìí, bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wọ́n sí i. Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ̀ ọ́ létí tó bí mo ṣe rò. Ohun tó ṣe ni pé ó ní kí n lọ gbé odidi páálí kan wá láti Ìfọ́n. Nígbà tí mo gbé e dé, ó ká òṣùká, ó gbé páálí náà lérí, ó sì fi ẹsẹ̀ kíákíá rìn láti ẹ̀yìn ilé dé ojú títì, ó rìn padà, ó tún lọ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ará àdúgbò rò pé ó ń lọ sí ọjà. Èmi mọ ibi tó ń lọ. Ó ń lọ sí ẹnubodè Gánà. Ó sọ páálí náà kalẹ̀, kò tilẹ̀ mí hẹlẹ, ó ní, “Ó fúyẹ́. Ó ṣe é gbé sá.” Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn.

Òṣogbo la ti ta góòlù náà. Alágbẹ̀dẹ góòlù ha ẹ̀gbà ọwọ́ kan wò, ó gbé ìyókù sórí òṣùwọ̀n, ìyá mi sì kọjú sí ògiri títí ó fi ṣe tán. Yẹtí etí rẹ̀ ló bọ́ kẹ́yìn. Páálí mẹ́ta ni owó náà rà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi. A jọ ṣàdéhùn pé ọdún márùn-ún la ó fi í sílẹ̀. Mo sọ fún un pé kí ó má jẹ́ kí omi kàn án, kí eku má sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ pé ta lò ń kọ́.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan lápá Ìwó. N kì í wálé mọ́ àfi nígbà Iléyá àti Ìtúnu Ààwẹ̀, n kì í sì í lò ju ọjọ́ ọdún nìkan lọ kí n tó padà, nítorí náà n kò rí ohun tó ń ṣe ní ọjọ́ Jímọ̀ nínú ọyẹ́. Mo máa ń bi í pé, “Màmá, ẹrù wa ńkọ́?” Á ní, “Mò ń tọ́jú wọn dáadáa, má mikàn.” Inú mi á dùn. Mo ní ẹni tó mọ nǹkan tọ́jú nílé.

Nígbà tó di 1999, orúnkún rẹ̀ wú. Ó ń wú, ó ń rọ̀, títí ó fi wú tí kò rọ̀ mọ́. Bó bá fẹ́ dìde fún oníbàárà, á kọ́kọ́ di fèrèsé mú. Ó ránṣẹ́ sí mi ní Ìwó pé kí n máa bọ̀, pé ọdún márùn-ún ti pé, pé ọjọ́ alẹ́ òun ti dé. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, ó gbàdúrà fún mi, a sì jọ fa àpótí jáde.

Ó ti yọ káàdì wọ̀nyẹn kúrò nínú náílọ́ọ̀nù, kí ooru má baà mú wọn. Ó tò wọ́n ní ìdì ìdì, ó fi òwú dì wọ́n, ó sì ju kánfọ̀ sáàárín wọn. Nígbà tí mo tú ìdì àkọ́kọ́, mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ti funfun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Aṣọ aláwọ̀ ewé ti di àwọ̀ eérú, pupa ti di àwọ̀ ẹ̀kọ, ìwé wọn sì ti ká bí ewé gbígbẹ. Mo tú òmíràn, bákan náà ni. Mo tú u títí ó fi kan ẹyọ ìdì kan tó há sábẹ́ aṣọ Gánà, tí ìyá mi kò rí, tí náílọ́ọ̀nù rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Òun nìkan ló ń dán.

“Màmá, kí lẹ ṣe sí wọn?”

“Mò ń sá wọn ni. Pẹ̀lú aṣọ. Gbogbo Jímọ̀.”

Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní, “Ta ló ní kí ẹ sá a? Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kàn án?” Ìyá tó pọ̀n mí kúrò ní Kùmásí ni mo ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn. Kò bínú. Ó mú káàdì kan, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó ní, “Ṣé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú nǹkan kọ́ nìyí ni?” Ó béèrè rẹ̀ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Mo mú ìdì tó ń dán yẹn àti díẹ̀ lára àwọn tó ti ṣá, mo gba Èkó lọ. Wọ́n júwe bàbá kan fún mi tó ń ra owó àtijọ́ àti sítáǹbù àtijọ́, tó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá náà kò tilẹ̀ wo àwọn tó ṣá. Ó gba èyí tó ń dán, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó wá fa dúrọ́ọ̀ kan lára tábìlì rẹ̀ jáde. Ó kún fún káàdì kan náà, wọ́n ń dán ju tèmi lọ.

“Fún àwọn ọmọ rẹ kí wọ́n fi ṣeré,” ni ó wí.

Mo ní kí bàbá náà jọ̀ọ́, kí ó wò ó dáadáa, pé oòrùn kò kan èyí rárá. Mo sọ ti ìwé ìròyìn yẹn fún un. Bàbá náà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Ṣé o mọ ìdí tí ọ̀kan yẹn fi wọ́n? Àwọn ìyá ló gbá ìyókù dà sórí ààtàn. Ọmọ á dàgbà, ìyá á gbálẹ̀ yàrá. Bó ṣe ku ẹyọ díẹ̀ láyé nìyẹn. Èyí tí ìwọ kó wá yìí, gbogbo ayé ló gbọ́ pé yóò wọ́n, gbogbo ayé ló sì tọ́jú rẹ̀. Ohun tí kò sẹ́ni tí kò ní, ta lo fẹ́ tà á fún?” Ó dá ìdì náà padà fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìpínrọ̀ tí mo fò nìyẹn, wọ́n kà á sí mi létí lófẹ̀ẹ́.

Nígbà tí mò ń bọ̀, mo kọ́kọ́ yà sí Ìfọ́n lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Káàdì tirẹ̀ ti tán tipẹ́. Ó ti há wọn fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri, wọ́n fi ta ayò, wọ́n já wọn sí wẹ́wẹ́. Òun kò ta góòlù kankan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fún un. Inú bí mi sí i lásán, bí inú ṣe máa ń bí èèyàn sí ẹni tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Mo sọ ohun tí bàbá Èkó wí fún un. Ó ní, “Lọ sọ ọ́ fún Màmá bó ṣe rí. Wọn kò ní pa ọ́.” Mo ní mo ti gbọ́. Gbogbo ọ̀nà láti Ìfọ́n dé Ìlobù, tí kò ju kí èèyàn jẹ gúgúrú tán lọ, ni mo fi ń tún ọ̀rọ̀ náà tò lẹ́nu: Màmá, ẹ̀bi yín kọ́, oòrùn kọ́, èmi ni.

Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kò jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ tán. Ó ní, “Kí ni wọ́n wí? Ṣé oòrùn ni wọ́n ló bà á jẹ́?”

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti kọ́ni fún ọgbọ̀n ọdún báyìí, mo ti bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè tó pọ̀ ju irun orí mi lọ, n kò tíì bá ìbéèrè tó rọrùn tó yẹn pàdé. Bẹ́ẹ̀ kọ́, Màmá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo wo orúnkún rẹ̀, mo wo etí rẹ̀ tí ihò yẹtí ti ń dí, ìtìjú sì bò mí. Mo ní, “Ẹ̀ẹ́n, oòrùn ni.”

Ó fọwọ́ di fèrèsé mú. Mo rò pé ó fẹ́ dìde ni. Ó kúnlẹ̀ ni. Ìyá mi kúnlẹ̀ fún mi láàárín páálí ọṣẹ àti páálí mílíìkì, lórí orúnkún tó wú yẹn, ó ní, “Ọmọ mi, forí jì mí. Mo ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. N kò mọ̀.” Mo sáré gbé e dìde. Mo ní ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má gégùn-ún lé mi lórí. Mo sunkún, òun náà sunkún. O rò pé mo sọ òtítọ́ nígbà náà? Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo ní mo ti forí jì í. Èmi ni mo ní mo forí jì í.

N kò sọ ọ́ lọ́dún náà, n kò sọ ọ́ lọ́dún kejì. Ó padà sídìí ọjà, ó ń fa ẹsẹ̀, kò sí ohun kan tó lè tà jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń fi díẹ̀ ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá sanwó, wọn kì í sì í sábà san án. Ó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ọmọ òun kó ọrọ̀ jọ fún òun, òun ló fi àìmọ̀kan bà á jẹ́. Wọ́n ń yìn mí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi yìí, òtítọ́ kò rí i bá. Ọdún kẹrin ni ìyá mi kú. Ọjọ́ kejì ikú rẹ̀ gan-an, nígbà tí àwọn obìnrin ẹbí ṣí ṣọ́ọ̀bù láti kó ohun tó kù níbẹ̀, orí àga rẹ̀ ni wọ́n ti bá ìrọ̀rí tó ń gbé ẹsẹ̀ lé.

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ ogójì ni wọ́n ní kí n wá ṣí àpótí. Òórùn kánfọ̀ kò sí mọ́. Òkè pátápátá ni mo ti bá àwọn káàdì náà, ó fi ìborùn rẹ̀ tó dára jù wé wọn, wọ́n sì wà ní pípé, wọ́n ṣì funfun bí wọ́n ṣe wà. Abẹ́ wọn ni aṣọ Gánà wà. Mo fà á jáde, ó sì ń já bọ́ lọ́wọ́ mi. Kòkòrò ti jẹ ẹ́ láti etí dé etí, eruku rẹ̀ dà sí ẹsẹ̀ mi. Mo bi obìnrin ẹbí kan tó ti ń bá a gbé láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti burú pé kí ló dé tí Màmá kò sá aṣọ yìí mọ́. Ó ní Màmá fúnra wọn ni wọ́n kọ̀, pé láti ọdún tí mo ti Èkó dé ni wọn kò ti jẹ́ kí oòrùn kan ohunkóhun nínú àpótí yẹn mọ́. Pé wọ́n máa ń sọ pé ọmọ wọn ti là wọ́n lóye, pé oòrùn ló ń ba nǹkan jẹ́.

Nítorí náà, bó o bá fẹ́ ra káàdì fún ọmọ rẹ, rà á, kí ó fi ṣeré, kí ó sì fà á ya. N kò ní nǹkan kan láti sọ nípa pé yóò wọ́n tàbí kò ní wọ́n. Aṣọ yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbà tí wọ́n bá dárúkọ ọ̀rọ̀ náà. Ìyá mi mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú nǹkan. Èmi ni mo sọ fún un pé kò mọ̀ ọ́n.